Tírélà Tó Ń Purọ́ Bó Bá Ṣófo

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ìyá Ríwáyà gbá ènìyàn létí lójú mi, ẹni tó gbá ò pariwo. Èmi tí mo jókòó sídìí táyà mi ni mo di etí tèmi mú. Awakọ̀ kan ló fọwọ́ kàn án nídìí níbi tó ti tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnnì, tó ń wá wáyà tó jóná. Ìyá Ríwáyà gbé púláyà rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ àkísà, ó yíjú padà, ó sì fọ́ ọ létí. Lẹ́yìn náà ló tún tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnnì, ó parí iṣẹ́ ọ̀hún, ó wá sọ fún un pé, "Ọkọ̀ rẹ ti dáa. Máa lọ."

Ọkọ̀ náà dáa lóòótọ́. Ìwà rẹ̀ nìyẹn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, táyà ni mò ń lẹ̀. Ògiri páànù kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, bí ó bá wúkọ́, mo máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó máa ń fi wáyà bátìrì, èyí tó nípọn bí ìka, na àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́. Àpá mẹ́ta ló wà ní apá òsì rẹ̀ tí kò lọ. Ó máa ń sọ pé, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ iṣẹ́, ọdún mẹ́rin náà ni wọ́n fi kọ iṣẹ́ sí mi lára." Bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn lórí wáyà. Bó bá ti ní nǹkan dáa, ó ti dáa nìyẹn, kí o gbé ẹnu rẹ dákẹ́.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin. Ó fi ọdún méjìlá jù ú lọ, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Bó ṣe ń pè é ní Àbúrò, gbogbo wa ní ìlà ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ń pè é ní Àbúrò, títí irun fi kún àgbọ̀n rẹ̀. Awakọ̀ ni. Baba Onírin ló ń bá wakọ̀, ọkùnrin bàǹtàbanta kan tí ọgbà irin rẹ̀ dojú kọ wa. Baba Onírin ní àṣà burúkú kan. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ló máa ń wé mọ́ ọwọ́ kiri bí ẹni wé báńdéèjì, bí inú bá sì bí i, á tú u, á fi na ẹni tó bá wà nítòsí. Gbogbo ará ọgbà yẹn ló ti jẹ nínú rẹ̀, àfi ọ̀kan nínú àwọn alágbàárù rẹ̀ tí à ń pè ní Sùúrù. Sùúrù kì í gbé irin sílẹ̀ láìsọ pé "sùúrù, sùúrù" fún ẹni tí wọ́n jọ gbé e. Ó dà bí ẹni pé Baba Onírin ò mọ bí wọ́n ṣe ń lu irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé tírélà náà. Kò ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń fà á. Nínú ọkọ̀ tó ń fà á, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtírólà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, àpótí yìí ló ń rán iná gba inú wáyà lọ sẹ́yìn. Òòfà wà nínú táyà tírélà kọ̀ọ̀kan, bí iná bá ti dé ara rẹ̀, á di táyà mú. Bí iná ò bá dé, ọkọ̀ iwájú nìkan ni yóò fẹ́ dúró, tírélà tó kún fún irin á sì máa bọ̀ lẹ́yìn, á máa tì í ní ìdí bíi màlúù tí inú ń bí.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé Àbúrò padà dé pẹ̀lú ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ti rún, ó sì ti fọ́ ògiri onílé kan lójú ọ̀nà. Ó ní òun tẹ bíréèkì, tírélà ò dúró. Ó ní iná pupa kan tàn lára kọ́ńtírólà, ìgbà tí àwọn sì já ẹrù tán, iná pupa náà kú fúnra rẹ̀.

Baba Onírin pe Ìyá Ríwáyà. Tírélà ti ṣófo nígbà yẹn. Mo rí i bó ṣe ṣe é, kò fo ọ̀kan. Ó wo fíúsì. Ó yọ púlọ́ọ̀gì tírélà, ó ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, ó fi iná àyẹ̀wò kan ojú ihò rẹ̀, iná náà tàn gbòò. Ó fi ọwọ́ ha ìdí wáyà tó so mọ́ irin tírélà, kò dípẹtà. Ó wá gbé iná bátìrì fún tírélà ní tààrà, ó sì so mítà mọ́ ọn. Òòfà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ iná áńpù mẹ́ta. Mítà ka méjìlá géérégé.

Ó dìde, ó nu ọwọ́. "Bíréèkì yìí dáa," ó ní.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbúrò rẹ̀ ló fọ́ lé lórí. Baba Onírin yíjú sí Àbúrò. "Ṣé o gbọ́? Ẹ̀gbọ́n ìwọ fúnra rẹ ló sọ ọ́. Ọtí lo mu!" Ó tú bẹ́líìtì. Àkọ́kọ́ bà á lójú, èkejì bà á lọ́rùn. Nígbà tó ṣubú, Baba Onírin bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàtà gbá a ní ìhà. Ìyá Ríwáyà fò mọ́ ọn, ó kígbe pé, "Mi ò ní ó mutí! Bíréèkì ni mo ní ó dáa!" Àwọn ọkùnrin méjì láti inú ọgbà dì í mú lápá, ó ta wọ́n nípàá títí ọ̀kan fi gbé e lulẹ̀, tó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Sùúrù nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀, tó ń sọ pé, "Ọ̀gá, ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ó tó." Kí n má parọ́, èmi ń ha táyà. Mo dorí kodò, mo ń ha á, bí ẹni pé ihò rẹ̀ máa sá lọ.

Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, Àbúrò wọ́ ara rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó sórí bátìrì kan, ó tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ láti ẹ̀yìn páànù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi tírélà, ẹ ò bi èmi."

"Mo wò ó fínnífínní. Ìwọ náà rí mítà."

"Bí irin bá wà lórí rẹ̀ ni mo ní. Bó bá ṣófo, kì í ṣe nǹkan kan. Mo sọ fún yín."

"Wáyà ò mọ ẹrù," ni Ìyá Ríwáyà wí. "Yálà o di irin lé e, yálà o di òwú lé e, ọ̀nà kan náà ni iná ń gbà."

Àbúrò dìde, ó lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ṣì ń wa tírélà náà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá, á kí mi, "Ẹ kú iṣẹ́ o," á gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá Ríwáyà á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn, mo bá a níbi tó ti jókòó láìṣe nǹkan kan, wáyà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń tẹ̀ síbí, tó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún.

"Baba Táyà," ó ní, bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "bí ẹrù bá wúwo, ṣé ọ̀pá irin tó so táyà méjì pọ̀ yẹn máa ń tẹ̀?"

"Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀," mo ní. "Ojú ò lè tètè rí i, ṣùgbọ́n táyà máa ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ nítorí rẹ̀."

Ó ní òun máa lọ bá Baba Onírin bó bá di ọ̀la, kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó pẹ̀lú ẹrù. Wáyà tó ń lọ sí táyà ọ̀tún, inú ihò ọ̀pá yẹn ló gbà kọjá, òun ò sì rí inú rẹ̀ rí.

Ọ̀la yẹn ni ọlọ́jọ́ dé.

Ó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́wàá lù láàárọ̀. Ọkùnrin kan gun alùpùpù dé, kò tilẹ̀ pa á. "Ìyá Ríwáyà, ẹ sáré o! Tírélà Baba Onírin ti tẹ ènìyàn mọ́ ògiri nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n sì ń lu àbúrò yín pa!" Ìyá Ríwáyà ju báàgì irinṣẹ́ sí èjìká, ó fò sẹ́yìn alùpùpù. Mo kó jáàkì mi méjèèjì sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, mo tẹ̀ lé wọn, torí mo ronú pé ẹni náà ṣì wà lábẹ́ tírélà.

Kò sí níbẹ̀ mọ́. Sùúrù ni. Òun ló bọ́ sílẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti lọ fi òkúta há táyà nígbà tí Àbúrò ké pé bíréèkì ò mú. Tírélà yí ìdí, ó gbá a mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ láti ìbàdí wá sísàlẹ̀. Wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ kan lọ sí ọsibítù nígbà tí mo dé. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó ti rọ́ sínú ihò búlọ́ọ̀kù, àti bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan.

Àwọn ènìyàn tó pé lé Àbúrò lórí tó ogójì. Mo ti rí ìjà rí, mi ò rí irú èyí. Kò sí ẹni tó ń pariwo mọ́. Wọ́n kàn ń lù ú ni, bí ẹni ń fọ́ igi ìdáná. Ẹnì kan di pákó mú, ẹnì kan di irin láti orí tírélà náà gan-an. Àbúrò ti ká kò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí, ọ̀kan nínú wọn sì ti yí sí ibi tí ọwọ́ kì í yí sí.

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni Ìyá Ríwáyà, kò sì ga ju èjìká mi lọ, ṣùgbọ́n ó wọ àárín wọn bí ọta ìbọn. Sípánà tó tóbi jù lọ nínú báàgì rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi gbá ọrùn ọwọ́ ẹni tó mú irin, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ó gbá òmíràn lórúnkún. Pákó bà á lẹ́nu, eyín méjì jáde, ó tu wọ́n sílẹ̀, ó tún ju sípánà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ó sùn lé àbúrò rẹ̀ lórí, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ń fi lù ú sì ń bà á lẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ju jáàkì sílẹ̀, mo wọ ibẹ̀. N kò lu ẹnikẹ́ni. Mo kàn dúró lé wọn lórí, mo ń gba ẹ̀ṣẹ́ tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìhà mi ṣì ń dùn mí bí òjò bá ṣú.

Ìbọn ló tú wọn ká. Ọlọ́pàá méjì dé, èyí tó jẹ́ sájẹ́ǹtì nínú wọn yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ènìyàn sún sẹ́yìn, wọn ò lọ. Wọ́n ń kígbe pé ọ̀mùtí ni, kí wọ́n dá a padà fún àwọn. Sájẹ́ǹtì wo ojú ọ̀nà tó dí, ó ní, "Ẹ kó irin wọ̀nyí sílẹ̀ kí ọkọ̀ rí ọ̀nà kọjá."

Ìyá Ríwáyà gbé orí sókè láti ibi tó sùn sí. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má kó irin yẹn!" ó ní. "Sájẹ́ǹtì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó irin kan sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kó o, á tún parọ́ fún wa."

"Ta ló máa parọ́?"

"Tírélà yìí. Ríwáyà ni mí. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní ó dáa. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí n bá kùnà, kí ẹ mú èmi náà lọ."

Sájẹ́ǹtì wò ó, ó wo èrò, ó ní, "Mẹ́wàá."

Ìyá Ríwáyà wọ inú ọkọ̀, sájẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó tẹ orí wo kọ́ńtírólà. Tépù dúdú ni wọ́n lẹ̀ bo ojú ibi tí iná rẹ̀ máa ń tàn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́po mẹ́ta. Ó ya á kúrò. Iná pupa ń ṣẹ́jú níbẹ̀ pàkápàká.

"Ta ló lẹ èyí?" ni sájẹ́ǹtì bèèrè.

Àbúrò ló dáhùn láti ilẹ̀ tó wà, ohùn rẹ̀ ń hó nínú ẹ̀jẹ̀. "Baba Onírin. Ó ní ariwo mi lórí iná yẹn ti sú òun."

Ìyá Ríwáyà sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ púlọ́ọ̀gì tírélà kúrò lára ọkọ̀. "Ẹ wo iná," ó ní. Sájẹ́ǹtì wò, ó ní ó ti di aláwọ̀ ewé. Ìyá Ríwáyà tún kì í bọ̀ ọ́. Sájẹ́ǹtì ní ó ti pupa. "Ẹ ti rí i, àrùn ò sí nínú ọkọ̀. Inú tírélà ló wà. Wáyà kan ló ń fara kan irin níbi tí kò yẹ. Bí kọ́ńtírólà bá ti rí bẹ́ẹ̀, á pa gbogbo bíréèkì tírélà kí ọkọ̀ má baà gbiná."

Ó rá pálá bọ́ sábẹ́ tírélà, sórí ẹ̀jẹ̀ Sùúrù, kò sí ibòmíràn tó lè gbà. Ó gé wáyà tó wọ inú ọ̀pá táyà iwájú. Ó ké pé, "Kí ló rí?" Sájẹ́ǹtì ní pupa. Ó gé ti ẹ̀yìn. "Aláwọ̀ ewé!" Àwọn ènìyàn tó ń kùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa. Ó tún wáyà ẹ̀yìn so padà, iná pupa padà dé. Ó wá ní, "Baba Táyà, fi jáàkì gbé ara tírélà sókè níhìn-ín, kí ẹrù fúyẹ́ lórí ọ̀pá." Mo ń yí jáàkì, ìhà mi ń ya. Nígbà tí ara tírélà gòkè tó bí ìka méjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà, sájẹ́ǹtì pariwo pé iná ti di aláwọ̀ ewé fúnra rẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, ó pupa. Mo gbé e sókè, ó di aláwọ̀ ewé.

Ìyá Ríwáyà fi púláyà fa wáyà náà jáde nínú ọ̀pá. Ní àárín rẹ̀, níbi tí etí irin ti ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún, rọ́bà ti bó tó gígùn ìka, kọ́pà ń dán níbẹ̀, ó sì jóná dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i. Ẹni tó mú pákó wò ó, ó wo pákó ọwọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e ti ògiri.

Àsìkò yẹn gan-an ni Baba Onírin dé. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó nàka sí Ìyá Ríwáyà. "Òun ló ní ó dáa! Ẹ bi í! Gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́!"

"Èmi ni," ni Ìyá Ríwáyà wí. "Àbúrò mi sọ fún mi pé bó bá ní ẹrù ni, mi ò gbọ́. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ó sì wà lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo lẹ tépù."

Baba Onírin já wáyà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ jù ú sínú gọ́tà tó ń ṣàn. Ìyá Ríwáyà dì í mú lẹ́wù. Baba Onírin tú bẹ́líìtì, ó fi ya á lójú lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Ríwáyà ò jáwọ́. Ó gbé púláyà, ó fi há ìka tó di wáyà mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ pa dé. Igbe tí ọkùnrin bàǹtàbanta yẹn ké, n kò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀. Wáyà bọ́ sílẹ̀, sájẹ́ǹtì mú un, ó ká a sínú àpò. Àwọn èrò tó fẹ́ pa Àbúrò ní ìdajì wákàtí sẹ́yìn tún fẹ́ pa Baba Onírin. Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì ní láti sáré gbé e wọ ọkọ̀, òkò ń bà wọ́n lẹ́yìn.

Sùúrù kú kí wọ́n tó dé ọsibítù. Àbúrò lo oṣù méjì níbẹ̀. Ó pàdánù ojú òsì, ọwọ́ rẹ̀ tó kán sì jiná ní wíwọ́. Ní ti Baba Onírin, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sún ẹjọ́ rẹ̀ síwájú, wọ́n tún sún un síwájú. Ó ní agbẹjọ́rò, ó ní àwọn ènìyàn tó mọ ènìyàn. Títí dòní wọn ò tíì dá a. Ó ti ọgbà rẹ̀ pa, ó sì kó lọ síbi tí a ò mọ̀.

Ìyá Ríwáyà lọ bá ìyàwó Sùúrù ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ín. Ó ní kí n sin òun lọ, torí ó mọ̀ pé wọ́n lè lu òun níbẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé òun wálé bí òkú. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan kúrò, àní ọ̀rọ̀ tó sọ pé wáyà ò mọ ẹrù. Ìyàwó Sùúrù gbọ́ ọ tán. Ó wọlé, ó gbé ọmọ odó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi na án ní èjìká, ní ẹ̀yìn, ní itan. Ìyá Ríwáyà, tí ọkùnrin kankan ò lè fọwọ́ kàn láìgba ìgbátí, ò gbé ọwọ́. Mo fẹ́ dá sí i, ó ní, "Fi í sílẹ̀." Obìnrin náà nà án títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó jù ú sílẹ̀, ó jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí mi láṣọ."

Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, Ìyá Ríwáyà wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó rí tírélà kan tó ń bọ̀, wọ́n kùn ún ní búlúù, ó ru símẹ́ńtì. Kíkùn kì í sọ nǹkan di tuntun. Ó mọ̀ ọ́n, tírélà Baba Onírin ni. Ó bọ́ sí àárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tírélà ń tì í, ó dúró nígbà tó ku ẹsẹ̀ bàtà méjì kó gbá a. Ọlọ́kọ̀ bọ́ sílẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó síngbọnlẹ̀, ó fọ́ ọ létí, ó ní ṣé orí rẹ̀ dà rú ni. Mo ti dìde. Àbúrò, tó ti ń jókòó pẹ̀lú wa látìgbà náà, tó kàn ń wé wáyà mọ́ igi lójoojúmọ́ tí kì í sọ̀rọ̀, ló kọjá mi. Ó dúró ní àárín àwọn méjèèjì. Ó gbé ojú tó kù fún un sí ojú ọkùnrin náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ gbá yẹn," ó ní. "N kò ní lù yín. Ẹ wo ojú mi yìí. Tírélà yín ló fọ́ ọ. Ẹ wo kọ́ńtírólà yín, ẹ sọ fún mi irú iná tó ń tàn níbẹ̀."

Ọkùnrin náà lọ wò ó. Ìgbà tó padà dé, ó ní pupa ni.

A tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú símẹ́ńtì lórí rẹ̀. Ẹni tó rà á lẹ́yìn Baba Onírin ti ki wáyà tuntun bọ inú ihò ọ̀pá kan náà, etí irin ti rẹ́ òun náà. Ìyá Ríwáyà pa ihò inú ọ̀pá tì pátápátá, ó gbé wáyà gba ìta, nínú páìpù rọ́bà, ó fi okùn irin dè é mọ́ra. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ láti máa tẹ bíréèkì. Àbúrò dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí òtútù ń mú. Lẹ́yìn náà ló gòkè, ó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀.

"Tẹ̀ ẹ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Aláwọ̀ ewé."

"Dì í mú bẹ́ẹ̀."

Ó dì í mú. Òógùn bo gbogbo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ẹsẹ̀ kúrò títí Ìyá Ríwáyà fi wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ní ó tó, Àbúrò sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì bì. Ó bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Mo bu omi fún un, ó fi ṣan ẹnu, ó nu irùngbọ̀n. Ó wá bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá oúnjẹ wà, torí ebi ń pa òun gan-an.